Ẹ Bá Mi Yan Gààrí, Kí N Kàwé fún Yín

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń sáré kiri àgbàlá wa ní Ifọ̀ láìwọ bàtà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í jìnnà sẹ́nu ìyá mi: "Mi ò ráyè." Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ̀yin ń sọ ọ́ nítorí iṣẹ́ Èkó àti ojú ọ̀nà, ìyá tèmi ń sọ ọ́ nítorí ẹ̀gẹ́.

Gààrí ni ìyá mi ń ṣe tà. Tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, ó di ìdí ẹ̀gẹ́. Wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ rin, wọ́n á dà á sínú àpò, wọ́n á wá gbé òkúta ńláńlá lé e lórí kí omi rẹ̀ lè kán tán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó kù ú, tí wọ́n á sì yan án nínú agbada. Ẹni tó bá ti jókòó ti agbada gààrí rí yóò mọ̀ pé èéfín yẹn kì í mojú ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá fi máa dìde níbẹ̀, àwa ọmọ ti ń dúró de oúnjẹ, aṣọ ti ń dúró de fífọ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní àwọn ò ráyè, irọ́ kọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá mi mọ̀wé díẹ̀, ìwé kíkà sì ń wù wọ́n. Wọ́n ti lọ sílé ìwé rí ní kékeré. Ìwé kẹrin ni wọ́n wà nígbà tí ìyá wọn bímọ tuntun, tí kò sẹ́ni tí yóò máa pọn ọmọ náà. Bí ìwé ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Wọn kì í sọ ọ́ púpọ̀, àmọ́ tí àwa ọmọ bá ń ka ìwé wa sókè nílé, mo máa ń rí i tí ètè wọn ń mì tẹ̀lé wa.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé obìnrin aránṣọ kan láti apá Ọ̀yọ́ wá háyà yàrá iwájú nílé wa. Àǹtí Aránṣọ la máa ń pè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń já ẹrù rẹ̀, a rí ẹ̀rọ ìránṣọ, a rí ìkòkò àti ẹní, a wá rí páálí ńlá kan tó kún fún ìwé Yorùbá. Bàbá mi, káfíńtà ni wọ́n, ẹ̀fẹ̀ kì í sì í wọ́n lẹ́nu wọn. Wọ́n bi í pé, "Ìyàwó, ṣé ilé ìwé lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ ni?" Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Rárá o, bàbá. Ara mi ni mo fi ń tù."

Àǹtí Aránṣọ yá ìyá mi ní ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà. Ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni. Ẹ̀gbọ́n náà ti lọ ṣiṣẹ́ ní oko kòkó, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́, ni àbúrò bá di ẹrù, ó ní òun yóò wá a kàn. Orí àpótí ni ìwé náà wà títí eruku fi bò ó. Nígbà tí Àǹtí Aránṣọ béèrè ibi tí wọ́n kà á dé, ìyá mi ní, "Mi ò ráyè, ìyàwó. Ìwọ náà ṣáà ń rí mi."

"Mò ń rí yín dáadáa, mà," ni àǹtí dáhùn. "Lánàá tí ẹ jókòó ti àpò gbágùúdá, tí ẹ ń wò ó bó ṣe ń kán, mo rí yín. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń bá a kán ni? Ẹ jẹ́ kí òkúta máa ṣe tirẹ̀, kí ojú yín náà máa ṣe tiyín."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún gbé òkúta lé ẹ̀gẹ́, mo rí i tí wọ́n yọ ìwé náà láti ìbàdí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún yín. Abẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn ilé wa ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń ṣe gààrí. Àáró ni wọ́n ń ṣe: lónìí, gbogbo wọn á pawọ́ pọ̀ bá ẹnìkan bó ẹ̀gẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n sì bá a yan án, lọ́jọ́ míì ó di ti ẹlòmíràn. Tí omi bá ń kán lára àpò, àwọn kan á máa dirun, àwọn kan á sùn lọ, òfófó ló sì máa ń pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Níbẹ̀rẹ̀, ìka ni wọ́n fi ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó yá, ẹnu wọn gbé e, ohùn jáde, àwọn tó ń ṣòfófó sì dákẹ́. "Ẹ gbóhùn sókè, ẹ̀yìn ibí ò gbọ́," ni wọ́n ń wí. Kí a tó mọ̀, gbogbo abẹ́ àtíbàbà ti ń bá ọmọ yẹn wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri.

Wàhálà dé lọ́jọ́ kan tí ìyá mi nìkan dá yan gààrí ilé wa. Ìgbà tí omi bá ń kán ni Àǹtí Aránṣọ ní kí wọ́n máa kàwé o, kò dárúkọ agbada. Ṣùgbọ́n ìtàn ti dé ibi tó gbóná: ọmọbìnrin náà dé etí odò, ó rí ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà. Ìyá mi ń fi ọwọ́ kan ro gààrí, wọ́n fi ọwọ́ kejì di ìwé mú. Ó pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ tó ń ro gààrí dúró. Òórùn ló ta wá lólobó níwájú ilé. Kí a tó sáré débẹ̀, gààrí ti pọ́n kọjá ààlà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, etí ìwé gan-an ti gbaná, ìyá mi sì ń fi ìró wọn nà án kó lè kú.

Nígbà tí bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n wo agbada, wọ́n wo ìwé, wọn ò tilẹ̀ pariwo. "Ó tó gẹ́ẹ́," ni wọ́n wí. "Ìwé ò gbọdọ̀ dé ìdí gààrí mọ́ nínú ilé yìí. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo."

Ìyá mi ò jiyàn. Wọ́n fi aṣọ wé ìwé náà, wọ́n dá a padà sórí àpótí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí Aránṣọ wá bá wọn ní yàrá, mo gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ fún un, kò sì kúrò létí mi dòní: "Ìyàwó, wọ́n ti gba ìwé lọ́wọ́ mi rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i gbà padà ni. Tí mo bá tún gbé e sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní gbé e mọ́ láyé mi." Wọ́n sunkún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí omijé ìyá mi nìyẹn, tí kì í ṣe ti èéfín tàbí ti ẹ̀rín.

Nílé wa, a kì í da oúnjẹ nù. A ṣa ibi tó dúdú kúrò nínú gààrí yẹn, a bẹ̀rẹ̀ sí í mu ìyókù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi bu omi sí tiwọn, wọ́n da ẹ̀pà lé e. Wọ́n fi ṣíbí kan sẹ́nu, ojú wọn fún pọ̀. Wọ́n ní, "Kí ló tilẹ̀ wà nínú ìwé ọ̀hún, tó mú àgbàlagbà gbàgbé agbada lórí iná?"

Ìyá mi rọra sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n sọ ti oko kòkó, wọ́n sọ ti odò, wọ́n sọ ti ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù ẹni ẹlẹ́ni. Ṣíbí bàbá mi dúró lágbedeméjì àwo àti ẹnu. "Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀," ni ìyá mi dáhùn. "Ibẹ̀ ni gààrí ti jóná."

Háà, bàbá mi! Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fọgbọ́n béèrè bóyá Àǹtí Aránṣọ ti sọ ìyókù. Ìyá mi ní kò sọ. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, wọ́n ń rẹ́ pákó níwájú ilé, wọ́n kàn dá ayùn dúró, wọ́n ní, "Àbí wọ́n ti pa ọmọ ọlọ́mọ sínú odò?" A ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìtàn ń jẹ wọ́n lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bàbá ti sọ̀rọ̀, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa kó o nílẹ̀.

Àwọn obìnrin abẹ́ àtíbàbà ló bá wọn wá ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n kóra wọn jọ wá bá bàbá mi, Àǹtí Aránṣọ ló ṣíwájú, gbogbo wọn kúnlẹ̀. "Bàbá, òfin yín dára," ni àǹtí wí. "Ẹni tó ń yan gààrí kò gbọdọ̀ kàwé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìwé wọnú àáró. Àwa á bá ìyá bó ẹ̀gẹ́ tiwọn, àwa á bá wọn yan án. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa kàwé fún wa."

Bàbá mi fèsì. "Òógùn la fi ń san òógùn nínú àáró. Ta ló ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu san án?"

Ìyá àgbà kan láàárín wọn, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ti ń dùn ún nídìí iṣẹ́ yẹn tipẹ́, ló dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ọmọ mi, tó bá ń kàwé fún wa, n kì í mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí. Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ni?"

Bàbá mi wolẹ̀, wọ́n wòkè. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ibi tó máa jókòó sí gbọ́dọ̀ jìnnà síná." Kí àáró míì tó yí kàn wá, wọ́n ti kan àga aláfẹ̀yìntì kan, wọ́n gbé e síbi tí èéfín ò lè dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, ni wọ́n bá fara ti òpó àtíbàbà. Àyẹ̀wò ẹsẹ̀ àga yẹn pẹ́ o! Títí ìyá mi fi ka ìtàn náà tán ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ìyá mi ṣe ka gbogbo ìwé inú páálí yẹn tán nìyẹn, ní abẹ́ àtíbàbà. Nígbà tí Àǹtí Aránṣọ kọ́lé sí Òkè-Àró, tó ń kó lọ, ó fi ìwé tó gbaná yẹn sílẹ̀ fún ìyá mi. Ó ní, "Ẹ mú un, mà. Iná ti kọ orúkọ yín sí i."

Èmi náà dàgbà, mo lọ́kọ, mo ń ṣe búrẹ́dì ní Ibafo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí mo bá ti po ìyẹ̀fun tán, ó ní láti wú, kò sì sí bí mo ṣe lè bá a wú. Ìdí ìyẹ̀fun yẹn ni mo ti ka ìwé tí mo kà láyé mi. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí iṣẹ́ tí kò ní ìgbà tí òkúta ń ṣe tirẹ̀. Àwọn òbí mi àti àǹtí ọjọ́sí ló là mí lójú sí i, mo sì ń ṣàdúrà fún wọn lójoojúmọ́.

Ayé ti yí. Ẹ̀rọ ló ń fún ẹ̀gẹ́ báyìí, ìṣẹ́jú díẹ̀, omi ti jáde. Gáàsì ń se oúnjẹ kíákíá. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ò ráyè jù wá lọ, nítorí ibi tí wọ́n bá ti dúró díẹ̀, fóònù ti gbà á. Ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Lotto, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń wọkọ̀ lọ sí Èkó. Tó bá jẹ́ Sátidé, ilé ló ń dúró dè é. Mi ò bá a wí. Mo mọ ẹni tó ti sọ "mi ò ráyè" ṣáájú rẹ̀.

Ojú tèmi náà ti ń ṣe bàìbàì, n kì í rí ìwé kà mọ́, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì mọ òkúta yàtọ̀ sí ẹ̀wà. Ní Sátidé kan, mo pè é, mo ní, "Wá ká ṣe àáró. Màá bá ọ ṣa ẹ̀wà, màá bá ọ já ẹ̀fọ́, ìwọ jókòó kàwé fún mi."

"Mọ́mì, ṣé ẹ máa ṣiṣẹ́ kí n jókòó ni?" ló ní. "Ó yá, ìwé dà?" Mo na ìwé tó gbaná yẹn sí i. Orí àga tí bàbá mi kàn ló jókòó sí. A ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

A ò fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà. Ní Sátidé tó kọjá, ọkọ ọmọ mi, oníṣẹ́ iná ní Ibafo, ẹni tó máa ń ní òun kì í ṣe oníwèé, ń tún fáànù ṣe ní pálọ̀. Ọmọ mi kà á dé etí odò, ó kà á dé ibi ẹ̀wù, níbi tí iná ti jẹ etí ìwé. Mo gbọ́ tí irin tó wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ dákẹ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ló ní, "ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni?"

Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un. Mo sún àwo ẹ̀wà sápá kan, mo ní kó gbé àpótí wá jókòó. Mo sì dúpẹ́ nínú mi lọ́wọ́ gààrí tó jóná.