Ìkòkò Aró Tí Gbogbo Wọn Ń Tún Ṣe

Inú Asiata, aláró Ìgbẹìn, dára ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló sì kó bá a. Lọ́dún 1979, kánpálà, aṣọ aró òyìnbó, ti gba ìgboro Abẹ́òkúta kan: àwọ̀ inú agolo, sódà, omi gbígbóná, ó parí. Àwọn ìyá tó mọ aró ẹ̀lú, aró ewé, ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Asiata náà kú láìkọ́ ọ tán. Ẹ̀rù wá ń ba Asiata pé bí àwọn tó kù bá tún lọ, aró ẹ̀lú á di ìtàn.

Ló bá gbé ìkòkò ńlá kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ní kí gbogbo aláró wá, kí oníkálukú fi ohun tó mọ̀ kọ́ ẹnìkejì. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ló ń sọ kiri.

Wọ́n wá o! Ọjọ́ tó bá se ẹ̀wà, wọ́n á ya bo ilé bí eṣú. Wọ́n á jẹ, wọ́n á nu ẹnu. Kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀, ó dìjà. "Kí n wá tú àṣírí ìyá mi ní gbangba?" Ìyá Sàfúrátù ló wí bẹ́ẹ̀, àgbà ilé ọkọ Asiata, ẹ̀wà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣìọ̀!

Ẹnìkan ṣoṣo ló la ẹnu kọ́ni: Adérónkẹ́, ọmọge kan tó ń ti Ọ̀dẹ̀dá wá. Ó fi bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹ̀lú hàn wọ́n, bí wọ́n ṣe ń sá a, títí dórí bí ahọ́n ṣe ń mọ̀ pé omi eérú ti ta tó. Kò fi ìkankan pamọ́. Aró náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dára.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbá, Asiata bá Ìyá Sàfúrátù nídìí ìkòkò, ó ń da omi eérú sí i. "Mò ń tún un ṣe ni. Ìyá tèmi kì í ṣe é báyìí." Nígbà tó dọ̀sán, Asiata tún bá Adépéjú, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń bu aró dànù, ó ń fi omi kànga rọ́pò. "Mò ń tún un ṣe ni." Wọn ò bi ara wọn léèrè o! Ẹni tí kò lè la ẹnu kọ́ni, ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́ ẹlòmíì. Ìwà ẹ̀gbin.

Kò pẹ́, aró kú. Ó ń rùn, ìdin ń yí lójú rẹ̀, èébì ń gbé èèyàn. Wọ́n pé jọ, wọ́n fọwọ́ bo imú, Ìyá Sàfúrátù bá nàka sí Adérónkẹ́. "Ará oko yìí ló bà á jẹ́. Ta ló mọ̀ bóyá ó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ tó fi ń tọwọ́ bọ̀ ọ́?" Adépéjú ń mi orí bí alángbá.

Adérónkẹ́ wo Asiata. Asiata mọ ẹni tó ba aró jẹ́, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá já àgbà nírọ́, ẹgbẹ́ á tú. Ó panu mọ́. Ẹgbẹ́ wo? Ẹgbẹ́ ajẹ̀wà! Adérónkẹ́ gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ. Àwọn tó kù náà ò sì yọjú mọ́.

Ni Asiata bá wọkọ̀ lọ sí Ọ̀dẹ̀dá. Ó bá aṣọ ẹ̀lú lórí okùn níwájú ilé, ó dúdú minimini. Adérónkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó bu omi fún un mu.

"Ẹ̀bi mi ni, Adérónkẹ́. Jọ̀ọ́, wá kọ́ èmi nìkan."

"N ò bínú, ìyá mi."

Inú Asiata dùn, ó na ọwọ́ sí ọmọrí ìkòkò aró tó wà nítòsí. Adérónkẹ́ sáré jókòó lé e.

"Ẹ má ṣí i, mà. Àbúrò mi pàápàá ò gbọ́dọ̀ ṣí i. Ọjọ́ tí mo bá kú, kó bá mi lọ."