Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ò Tún Ṣírò

Ọjọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé sáìtì wa, gbogbo òṣìṣẹ́ ló pa iṣẹ́ tì lọ wò ó, àfi èmi nìkan. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù tí ẹnu rẹ̀ ti mú tẹ́lẹ̀. Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ohun tí wọ́n fẹ́ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ṣé a máa ń lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà ni?

Ilé ìgbẹ̀bí là ń kọ́ nígbà náà, láàárín Èjìgbò àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, èmi ni mo sì ń tọ́jú ètò ọjọ́ iṣẹ́. Orí káàdìbọ́ọ̀dù ńlá kan ni mo máa ń ya ilà sí, ilà kan fún iṣẹ́ kan: ọjọ́ tí wọn yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò mọ ògiri, ọjọ́ tí wọn yóò da dẹ́kìnnì, kọnkéré orí ilé. Bí òjò bá ba ọjọ́ kan jẹ́, màá fi rọ́bà pa ilà náà rẹ́, màá sún un síwájú, màá sì sún gbogbo iṣẹ́ tó ń dúró dè é tẹ̀lé e. Ohunkóhun tí mo bá yí padà, mo máa ń fi pẹ́ńsùlù pupa kọ ọjọ́ tí mo yí i padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà purọ́ mọ́ mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá Abijàn, olórí àwọn káfíńtà wa, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Abijàn kó tó padà wálé, kì í yọ igi kan lábẹ́ dẹ́kìnnì láìkọ́kọ́ yọjú sí mi.

"Màdámù, ọjọ́ ti pé?"

Bí mo bá ní kò tíì pé, ó parí nìyẹn.

Fúnmi ló bá kọ̀ǹpútà náà dé láti Ìbàdàn. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, èyí gan-an ló sì ń bí mi nínú jù. Ká ní aláfojúdi ni, ara ì bá tù mí. Yóò yí ọjọ́ kan padà, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo ọjọ́ tó kù á sì tún ara wọn ṣírò kí n tó wá rọ́bà mi rí. Ẹnjiníà, ọ̀gá wa ní sáìtì, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi yọ káàdìbọ́ọ̀dù mi kúrò lára ògiri, tí wọ́n lẹ bébà kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Bàbá Abijàn náà ò yà lọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹnu ọ̀nà mi ló ń gbà kọjá lọ bá Fúnmi.

Mo jowú, kí n má purọ́. Oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Èmi fojú ara mi rí i, nítorí gbogbo búláòsì mi ló ṣò mọ́ mi lára. Mo gbé káàdìbọ́ọ̀dù mi sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì ń ya ilà sí i níkọ̀kọ̀.

Fúnmi ti ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún mi rí, mo kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

"Kì í dá ṣírò fúnra rẹ̀ o, mà. Mo ti pa ìyẹn, torí ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fà. Tí mo bá yí ọjọ́ kan padà, tí n ò tẹ bọ́tìnnì ìṣirò, ọjọ́ yẹn nìkan ló máa yí. Àwọn tó kù á dúró síbi tí wọ́n wà."

Ọjọ́bọ̀ kan ló yẹ ká da dẹ́kìnnì yàrá ìgbẹ̀bí. Òjò ò jẹ́, ó di Ọjọ́bọ̀ kejì ká tó dà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni igi gbọ́dọ̀ fi gbé e dúró kí kọnkéré tó le. Fúnmi kọ ọjọ́ tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà, ó tọ́jú rẹ̀ pamọ́, iná bá lọ. Nígbà tí iná fi dé, Ẹnjiníà ti rán an níṣẹ́ míì. Kò rántí tẹ bọ́tìnnì mọ́.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà, ó lẹ ètò ọ̀sẹ̀ mọ́ ògiri: Ọjọ́bọ̀, yíyọ igi abẹ́ dẹ́kìnnì. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fa káàdìbọ́ọ̀dù mi yọ, mo kà á. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni yóò pé lọ́jọ́ náà. Mo fi pẹ́ńsùlù pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí igi má kúrò títí di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àti bó ṣe mọ́ mi lára, mo kọ ọjọ́ tí mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Ajé. Mo dá a padà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo sì panu mọ́.

Èrò mi ni pé Ẹnjiníà á rí àṣìṣe náà fúnra rẹ̀, á fi Fúnmi ṣẹ̀sín lójú gbogbo ayé, wọ́n á sì wá bẹ̀ mí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, kò rí i. Lọ́jọ́rú, ó wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́ òòlù. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí Bàbá Abijàn àti káfíńtà méjì lábẹ́ dẹ́kìnnì, igi méjì ti wà nílẹ̀. N ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni mo bá ara mi.

"Ẹ jáde! Bàbá, ẹ jáde lábẹ́ rẹ̀!"

"Kí ló dé? Bébà ní òní ni."

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jáde!"

Ó gbójú sókè wo dẹ́kìnnì. Ó rọra gbé òòlù sílẹ̀, ó ti àwọn méjèèjì síwájú, òun ló jáde kẹ́yìn. Ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí.

"Ìyá Kẹ́mi, ọmọ méje ni mo bí."

Ọ̀sán ni Ẹnjiníà dé. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbọ́ pé orí káàdìbọ́ọ̀dù mi tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti kà á, ó yìn mí lójú gbogbo wọn, ó wá kọjú sí Fúnmi.

"Ìwọ, kó ẹrù ẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ gbé káàdìbọ́ọ̀dù Ìyá Kẹ́mi wá, kí n fi wé bébà rẹ."

Ohun tí mo ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ tó ti dé nìyẹn. Fúnmi gbé e dé, ó ń wò ó bọ̀ lọ́nà, ó bá dúró. Mo mọ ibi tí ojú rẹ̀ wà: ọjọ́ tí mo fi pẹ́ńsùlù pupa kọ. Ó gbójú sókè wò mí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó wá yí ojú káàdìbọ́ọ̀dù náà sí àyà ara rẹ̀ kí Ẹnjiníà má baà rí i. Háà! Ọmọ tí mo fẹ́ kí ojú tì ló ń bo àṣírí mi.

"Ẹnjiníà, sà," mo ní, "ẹ má lé e. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀."

Bàbá Abijàn wò mí títí, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Wọn ò lé Fúnmi, wọn ò sì lé èmi náà. Ẹnjiníà ní tábìlì kan ṣoṣo la ó máa lò, kí èmi máa ka ọjọ́ lórí káàdìbọ́ọ̀dù, kí Fúnmi máa fi wé ti ẹ̀rọ. Fúnmi kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kì í dìde nídìí ẹ̀rọ láìtẹ bọ́tìnnì ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì.

A da dẹ́kìnnì mẹ́rin sí i lẹ́yìn ìyẹn. Bí Bàbá Abijàn bá fẹ́ yọ igi, á wọlé, á dúró níwájú tábìlì wa, á kọjú sí Fúnmi.

"Bi ìyá yẹn léèrè bóyá ọjọ́ ti pé."

Fúnmi á bi mí, èmi á kà á, màá dáhùn. Bàbá á sì dúró kí Fúnmi tún un sọ fún òun kó tó lọ.