Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Tí Kò Jẹ́ Kí Aláìṣẹ̀ Kúnlẹ̀

Yéè! Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ti wá dìgbà báyìí? Ìyàwó mi àtàtà, ìyá Bọ̀sẹ̀, ọmọ Òkèrèwè, ọlọ́yàyà tí í kí ará ilé kí àlejò. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére, kí n má sì fi ìbínú kọ ọ́. Mo ń bínú. Mo ń bínú sí ẹ̀jẹ̀ ríru tó mú ọ lọ. Mo ń bínú sí ìwọ náà, tí dókítà ní kí o sinmi, tí o ní ẹjọ́ kì í dúró de ẹni tó ń sinmi.

Ọmọ mẹ́ta la bí, ṣùgbọ́n n kò mọ iye ọmọ tí o ṣe ìyá fún ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Ìwọ àti ìyá márùn-ún lẹ dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀, láti máa dúró ti ọmọ tí wọ́n bá mú tí kò lẹ́nìkan. Ẹ kọ̀wé títí pé kí wọ́n yé ti ọmọdé mọ́ àárín àgbà ọ̀daràn. Ìjọba alágbádá kò dáhùn, sójà dé, sójà náà kò dáhùn. Èmi a máa kùn pé ṣé ìwọ lo bí wọn ni. Wàá ní kí n jẹun kó má baà tutù.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ lọ kò tán lára rẹ títí. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan jí aago ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ kóòtù, ẹ kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà ti í bá ọmọ bẹ̀bẹ̀, ẹ ní kí adájọ́ ṣàánú, ìwà ọmọdé ni. Ọmọ ń sunkún pé òun kò mú un, ohùn yín bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Adájọ́ ní bí àwọn ìyá bá ti ń bẹ̀bẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣe é nìyẹn. Wọ́n rán an lọ sí ilé àwọn ọmọ tó rúfin. Kò pẹ́ ni ọ̀gá rí aago lẹ́yìn àga. Láti ọjọ́ náà lo ti ń kọ́ ẹgbẹ́ yín pé, "A kì í bá ẹni tí kò ṣẹ̀ tọrọ àforíjì. Ẹ béèrè ta ló rí i."

Sìdí wá ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ ọ̀dọ̀ ní àdúgbò Mayfair, tí wọ́n ní ó jí yẹtí, tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àhámọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó kàn wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, òun á yọwọ́ nínú ẹjọ́. Mo ní kó kúnlẹ̀, kó máa lọ sílé, ṣé orúnkún rẹ̀ á bó ni? O gbé ṣíbí sílẹ̀. O ní, "Bàbá Bọ̀sẹ̀, bó bá kúnlẹ̀ lónìí, olè lorúkọ rẹ̀ títí ayé." Inú bí mi, mo bá jáde. O kú lọ́jọ́ kẹta, n kò sì tíì sọ fún ọ pé òótọ́ lo sọ.

Àwọn tí kò fèsì ìwé yín ti fi òdòdó ránṣẹ́, wọ́n ní akíkanjú obìnrin ni ọ́. Ta ló bi wọ́n? Èsì ìwé ni mo fẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ wá kí mi, wọ́n ń wojú ara wọn, nítorí ìwọ lo máa ń sọ̀rọ̀, Ọjọ́bọ̀ sì ni ẹjọ́ Sìdí. Mo ní èmi yóò lọ. Èmi tí mo ń kùn.

Mo ti lọ wo ọmọ náà. Ó ní ṣé Mọ̀mọ́ ń bọ̀, ìwọ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ni n ó wá lọ́jọ́ ẹjọ́.

Sùn re o, Àbẹ̀kẹ́ mi. Lọ́jọ́bọ̀ n ó dìde, n ó béèrè ta ló rí i. Bí adájọ́ bá lejú mọ́ mi, ó lè ṣe mí bíi kí n na gbalaja sílẹ̀ bí bàbá mi ti kọ́ mi. N kò ní dọ̀bálẹ̀. Sùn re.