Ikùn Tí Àwa Méjèèjì Ń Ṣọ́

Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá là ń gbé ní Òkòkòmáíkò. Obìnrin tí yàrá wọn kọjú sí tiwa máa ń dirun fún àwọn aládùúgbò níwájú ilé. Wọ́n jù mí lọ dáadáa. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n, Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọmọ kí Ọlọ́run tó dá wọn lóhùn, oyún wa sì bọ́ sí oṣù kan náà.

A jọ máa ń lọ ṣàyẹ̀wò ní Ìbà. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní kí oṣù kẹta tó parí, ọmọ ti ní ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀, bí gbogbo ara rẹ̀ ò tiẹ̀ ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Ó ní tó bá yá, á máa gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Àǹtí ò dúró dìgbà náà. Bí wọ́n bá ń dirun, wọ́n á máa bá ikùn wọn sọ̀rọ̀: "Jẹ́ kí n parí orí èyí, ká lọ jẹun."

Ọlẹ̀ tèmi ló kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí tiwọn sọ, wọ́n fà mí wọ yàrá, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ikùn wọn. Ọwọ́ mi ò bá nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo ní ó sọ.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù kẹfà ni ẹ̀jẹ̀ dé. Ọkọ wọn fi kábúkábú gbé wọn lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n padà dé, ikùn wọn ti wálẹ̀. Àwọn èèyàn ń wọlé wá sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àǹtí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí ilé dá ni mo gbọ́ ẹkún Àǹtí.

Mo wá ń wọ bùbá ọkọ mi kí ikùn mi má baà hàn, ẹ̀yìnkùlé ni mo sì ń gbà jáde. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí dá mi dúró.

"Ìyàwó, ṣé èmi lò ń sá fún?"

"Rárá o, Àǹtí."

"Wo bí orí ẹ ṣe rí játijàti. Wá jókòó."

Mo jókòó sáàárín orúnkún wọn. Wọ́n ya irun mi, wọ́n ní, "Kí ni nọ́ọ̀sì sọ pé ó ń ṣe lóṣù yìí?"

"Wọ́n ní ìpénpéjú tó lẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ṣí, ojú rẹ̀ ti là."

Ọwọ́ wọn dúró. "Tèmi náà ì bá ti la tiẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí oyún mi fi gbó. Lọ́jọ́ kan mo sọ pé ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbẹ̀yìn nínú ohun tó ń gbó lára ọmọ, pé ìdí nìyẹn tí èyí tó bá tètè jáde jù kì í fi lè mí. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà tí ojú fi tì mí.

Àǹtí sọ òòyà sílẹ̀. "Ó la ẹnu, Ìyàwó, kò ké. Mo ti rò pé kò fẹ́ mi ni." Wọ́n gbórí lé èjìká mi, wọ́n sunkún lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Mo bí obìnrin. Wọ́n wá kí mi kú ewu, wọ́n wò ó lórí ibùsùn, wọn ò ní kí n gbé e fún àwọn. Kò pẹ́ tí wọ́n kó lọ sí Ìjànikin. Nígbà tí ọmọ ti ń rìn, mo mú un lọ kí wọn. Wọ́n ra bisikíìtì fún un, wọ́n pọ̀n ọ́n títí ó fi sùn, wọ́n sì sìn wá dé ibùdókọ̀.

"Ìyàwó, máa wá kí mi o. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má mú un wá mọ́. Bí mo bá ti rí i, gíga ọmọ tèmi ni mo ń fojú wọ̀n."

Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí mo tún padà lọ, èmi nìkan, alájọgbé wọn ní wọ́n ti kó lọ sí ìlú ọkọ wọn. Kò mọ ìlú náà.