Fóònù Tí Kì Í Jí Èèyàn

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jí mi lónìí nítorí pé fóònù ò jí mi.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Òru ni mo ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ni mo ń sùn, fóònù ilé wa ní Ọ̀bà-Ilé ò sì jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta fóònù ní Àkúrẹ́. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì wọn, mo dijú, mo ní kí wọ́n máa pe àwọn fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mi ò gbọ́ ni mo rà. Iná lásán ló ń tàn.

Mo délé, mo sùn lọ fọnfọn. Àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe ń gbọ̀n mí léjìká.

"Ìyàwó mi, fóònù ti pè o! Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Rárá, mà."

"Ọkọ rẹ ló pè láti Oǹdó. Ó ní kí n wá wò ó bóyá ó jí ọ."

"Kò jí mi, mà."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ọlọ́run ṣeun! Fóònù yìí mà dáa o!"

Oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé mi lọ ni wọ́n tún dé.

"Mo ti sọ fún un pé kò jí ọ. Ó ní kí o sùn dáadáa."

Ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù ò jẹ̀bi. Nínú àwọn méjì tó kù, èwo ni kí n dá padà sí ṣọ́ọ̀bù?