Ṣòkòtò Tí Télọ̀ Fi Gba Àlejò

Ìdí ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí nínú gbogbo kíláàsì, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Aṣọ́bodè. Bí wọ́n bá ń wọlé láàárọ̀, wọn a gbé báàgì wọn sókè níwájú rẹ̀, wọn a ní, "Ọ̀gá Aṣọ́bodè, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò o, a ò kó fàyàwọ́." Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé atẹ́gùn ló ń wá níbẹ̀. Kì í ṣe atẹ́gùn. Fóònù ló ń ṣọ́. Bí onídìrí tó wà ní ilé kejì sí tiwọn bá pè, ó gbọ́dọ̀ lè dìde jáde láìtẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ìpè onídìrí ní: bàbá rẹ̀ ti ṣubú, ó wà nílẹ̀.

Télọ̀ ni bàbá náà. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé ó ti rọ pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí èèyàn sọ ọ́ bó ṣe rí. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni àìsàn rọpárọsẹ̀ náà mú. Ẹnu rẹ̀ tó wọ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti padà sípò, ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni télọ̀ fi ń di àlùmọ́gàjí mú, ọwọ́ náà kò sì mọ nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ kan ó fara ti ife tíì gbígbóná títí awọ rẹ̀ fi bó, ojú ni bàbá náà fi rí i kó tó mọ̀.

Ìyá ti kú kí Aṣọ́bodè tó wọ yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn, ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, àdúrà ló sì máa ń kún inú ohùn náà. Nítorí náà, ọmọ yìí nìkan ló ń wẹ bàbá rẹ̀, tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀, tó ń gé búrẹ́dì rẹ̀ wẹ́wẹ́, tó ń da garawa tó wà lábẹ́ àga ìgbọ̀nsẹ̀ nù. Àga oníke lásán ni àga náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ayùn dá ihò sí i láàárín. Aṣọ ìbora ni bàbá rẹ̀ máa ń ró mọ́dìí látàárọ̀ dalẹ́, torí aṣọ ìbora kò ní bọ́tìnnì, ó sì yá a ṣí. Tó bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, á gbé bàbá rẹ̀ jókòó sójú fèrèsé, á sáré lọ bá bọ́ọ̀sì, onídìrí á sì máa yọjú wò ó bí oníbàárà bá ti dín.

Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni Aṣọ́bodè ń kọ́. Bàbá rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀. Ó ní èèyàn lòun ń wọ̀n ní tòun, bóun bá ṣì í wọ̀n, èèyàn á padà wá jà. Ilẹ̀ kì í padà wá jà. "Iṣẹ́ ìrọ̀rùn lo yàn, ọ̀gá awọnlẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, òun àti ọmọ rẹ̀ á jọ rẹ́rìn-ín, ara wọn á sì fúyẹ́ títí di àkókò ìwẹ̀.

Ní ọdún tó gbẹ̀yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni nǹkan yí padà. Àwọn tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ lọ wọn ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, láti aago méje àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, níbi tí fóònù kì í gbé dáadáa. Ẹni tó bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ nínú rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, kò sí àwáwí. Oṣù yẹn gan-an ni onídìrí kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí òpópónà mìíràn. Ó bẹ ọmọ náà kó má bínú, àwọn onílé ló lé òun. Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò tó ti bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kó tó fẹ̀yìn tì. Òun gbà láti máa jókòó ti bàbá náà látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ náà ni yóò fi máa jẹun, kò lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí Aṣọ́bodè ṣe ń wá ọ̀nà kiri ló rí ìwé kan lára pátákó ìkéde nítòsí ilé ìkówèésí: owó ìrànwọ́ wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń tọ́jú aláìsàn nílé. Ó kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ìgbáyégbádùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sọ fún un pé ẹnì kan yóò wá wo ilé wọn ní Ọjọ́rú, láago mẹ́wàá.

Nígbà tó sọ ọ́ fún onídìrí, obìnrin náà mú un lápá sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Má gbálẹ̀. Má gbé àga yẹn kúrò. Bó bá ṣeé ṣe, má tiẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí wọ́n bá yín bẹ́ ẹ ṣe wà."

Ọmọ náà gbà. Ó rí i pé ọgbọ́n ni. Ohun tí kò ṣe ni pé kò sọ ìdí ìbẹ̀wò náà fún bàbá rẹ̀. Ó kàn sọ pé àlejò kan ń bọ̀ láti yunifásítì nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ òun. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ìyókù. Títí ilẹ̀ Ọjọ́rú fi mọ́, kò rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ ní kó gbé ṣòkòtò aláwọ̀ eérú jáde nínú àpótí. Ó ti rán an fún ara rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú àìsàn, kò sì tíì wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ọmọ náà ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, àlejò náà kò ní pẹ́. Bàbá wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ.

"Àlejò ọmọ mi, èmi télọ̀, kó wá bá mi nínú aṣọ ìbora?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ onídìrí ti wọlẹ̀ lọ. Ilé télọ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Kò tíì rí i rí kí ẹnikẹ́ni gba àlejò níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó rún. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kaná, ó ń lọ ṣòkòtò náà, bàbá rẹ̀ sì ń darí rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ìlà kan ni ẹsẹ̀ ṣòkòtò ń ní. Méjì lo fi síbẹ̀ yẹn. Tún un lọ̀." Ó tún un lọ̀. Nígbà tó fẹ́ wọ̀ ọ́ fún un, ẹsẹ̀ òsì ló kọ́kọ́ gbé. "Èyí tó kú ni kó o kọ́kọ́ wọ̀, ó yẹ kó o ti mọ ìyẹn." Odidi ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wọ ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ó gbálẹ̀, ó ṣí fèrèsé kí òórùn lè jáde, ó gbé àga ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì fi táàpólì búlúù bò ó. Nígbà tí aago mẹ́wàá fi máa lù, yàrá náà mọ́ tónítóní, bàbá sì jókòó sójú fèrèsé bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń retí oníbàárà.

Obìnrin tó wá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ní gíláàsì ojú tó fi okùn so mọ́ ọrùn, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí bàbá náà kó tó jókòó. Ó ṣí fáìlì rẹ̀, ó béèrè ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n ń wẹ̀ ni?"

Ó béèrè bóyá ó máa ń fúnra rẹ̀ wọ aṣọ.

"Aṣọ? Aṣọ niṣẹ́ mi. Ẹ wo ṣòkòtò tó wà nídìí mi yìí. Ta lẹ rò pó rán an?"

Obìnrin náà gbé gíláàsì sójú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo etí ṣòkòtò náà, ó sì yìn ín tọkàntọkàn. "Ẹ̀yin náà ni, Bàbá?"

"Ọwọ́ yìí ni." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó sùn lórí itan.

"Ẹ ṣì ń ránṣọ nìyẹn?"

"Bí aṣọ bá dé."

Nínú gbogbo ohun tó sọ nípa ṣòkòtò, kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Òun ló rán an, ọwọ́ yẹn ló sì fi rán an. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí aṣọ kankan ti dé kẹ́yìn.

Obìnrin náà wá yíjú sí ọmọ. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Bàbá náà sì yíjú sí i. Aṣọ́bodè ti kó ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ jọ sórí láti ọjọ́ mẹ́ta, ó mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara rẹ̀: ìwẹ̀, garawa, ìgbà mélòó ló ń ṣubú lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó lè sọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe bàbá rẹ̀ ní onírọ́ lójú àlejò.

"Bàámi máa ń gbìyànjú, mà," ló wí.

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó sọ fún un pé ilé wọn mọ́, pé ó ń gbìyànjú. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn tí ìtọ̀ fi ya lu ṣòkòtò aláwọ̀ eérú. Láti ìgbà tó ti wọlé ni bàbá náà ti ń mú un mọ́ra. Ọmọ rẹ̀ bọ́ ọ, ó nù ún, ó sì lọ fọ ṣòkòtò.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni lẹ́tà dé. Wọ́n ní ará ilé akẹ́kọ̀ọ́ yìí lè tọ́jú ara rẹ̀, ó sì ṣì ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà kò sí owó. Bí kò bá tẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn, kó mú ìwé dókítà wá, àti fọ́ọ̀mù kan tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò tẹ àtàǹpàkò sí, kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wíwọn ilẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ka lẹ́tà náà fún bàbá rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì sọ ohun tí owó náà wà fún. Bàbá béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ fóun kí obìnrin yẹn tó dé.

"Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní gbà, Bàámi."

"O mọ̀ mí dáadáa." Ó ní kó ka fọ́ọ̀mù náà. Ọmọ náà kà á: Èmi tí mo tẹ ọwọ́ sí ìwé yìí jẹ́wọ́ pé n kò lè ṣe ohunkóhun fún ara mi.

"Tún un kà." Ó tún un kà.

"Ohunkóhun kẹ̀? Mo ń fọwọ́ ara mi jẹun. Mo ń ka ìwé ìròyìn. Ṣebí èmi ni mo ń kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń lọ ṣòkòtò. Kí wọ́n kọ ohun tí mi ò lè ṣe síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní tẹ ohunkóhun yẹn."

Òótọ́ ni bàbá náà sọ, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó padà lọ sí ọ́fíìsì, ó bẹ akọ̀wé tó wà níbẹ̀ bóyá wọ́n lè yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà. Akọ̀wé náà kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní bó ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ọmọ náà fi odidi ọ̀sẹ̀ bẹ bàbá rẹ̀. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan. Bàbá kò bínú sí i, kò sì yí ohùn padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, bàbá jẹun tán, ó ń tòògbé lójú fèrèsé. Aṣọ́bodè ti yá páàdì yíǹkì lọ́wọ́ oní-fọ́tòkópì tó wà ní ìkóríta. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí kò mọ nǹkan, ó ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ yíǹkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ó tẹ̀ dáadáa, gbogbo ìlà rẹ̀ hàn. Nígbà tó gbójú sókè, ojú bàbá rẹ̀ wà ní lílà. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wo aṣọ oníbàárà tí ẹlòmíràn gé bà jẹ́. Ó tún pa ojú rẹ̀ dé.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni ìwé náà dé ọ́fíìsì, pẹ̀lú ìwé tó ti gbà lọ́dọ̀ dókítà.

Wọ́n san owó náà. Ìyá àgbà wá, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Aṣọ́bodè gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí pápá, kò pa ọjọ́ kan jẹ, àwòrán ilẹ̀ tirẹ̀ ló sì péye jù nínú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Yíǹkì náà pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná àtàǹpàkò bàbá. Àràárọ̀ ló ń fi kàn-ìnkàn-ìn bó o, bàbá rẹ̀ á sì máa wo fèrèsé. Kò tún pè é ní ọ̀gá awọnlẹ̀ mọ́.

Nígbà tó di ìparí oṣù, àwọn télọ̀ méjì tí wọ́n bá bàbá kọ́ṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí i. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un, ọmọ náà ti gbé áyọ́ọ̀nù kaná. Ó lọ ṣòkòtò aláwọ̀ eérú náà, ìlà kan ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé e wá síbi bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá wo ìlà náà, kò rí àléébù kankan níbẹ̀.

"Gbé e padà," ló wí. "Ẹni tí kò lè ṣe ohunkóhun fún ara rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣòkòtò ṣe?"

Aṣọ ìbora ló fi gba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.