Òjò Tí A Gbàdúrà Fún ní Turin

Mo rántí ọdún tí odò Po gbẹ débi pé àwọn òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síta bí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ liceo, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama, ni mí nígbà náà ní Turin, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún ilẹ̀ àti omi. Lójú tèmi, bí n kò bá sọ̀rọ̀, ayé máa parẹ́ kó tó di Kérésìmesì.

Màmá mi, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà, nítorí ẹ̀rù ọlọ́pàá máa ń bà wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé èmi ni màá sọ̀rọ̀ níbi ìwọ́de ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ní, "Màá wá fojú ara mi rí i. Bí mo bá rí wàhálà kankan níbẹ̀, o ò tún lọ mọ́."

"Va bene, mamma," ni mo fi gbà fún wọn.

Ní ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kí Ìyá Àdúrà ìjọ wa bá wa tọrọ òjò fún odò náà. Wọ́n gbàdúrà títí ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tí a ń lò bíi ṣọ́ọ̀ṣì fi mì tìtì. Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, ojú ọ̀run ṣú dùdù. Mo sáré pe Ìyá Àdúrà lórí fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó dá òjò náà dúró di ìrọ̀lẹ́."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ ni Ọlọ́run ni? Wá agbòjò! Èmi náà ń bọ̀."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún àwọn èèyàn pé omi ti ń tán lọ ni òjò ya lulẹ̀. Ọ̀dà tí mo fi kọ̀wé sára páálí mi ń ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sá kiri. Nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ kan, mo rí màmá mi àti Ìyá Àdúrà lábẹ́ agbòjò kan ṣoṣo, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń kọrin ọpẹ́. Ọlọ́pàá kan sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Màmá mi dá ijó dúró lójijì. Mo ní ó ti parí fún mi.

Ọlọ́pàá náà bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń kọ lórin. Màmá mi rọra nawọ́ sókè: "Pioggia. Dio buono." Pé òjò ni, pé Ọlọ́run dára.

"Amen, signora," lọkùnrin náà wí, ó sì sá sábẹ́ agbòjò wọn. Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ara wọn pọ̀ síbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Nínú tráàmù, màmá mi fún omi lára gèlè wọn, wọ́n ní, "Ìwọ́de tó ń bọ̀ ńkọ́? Ọjọ́ wo ni?"

Padua ni mo wà báyìí, iṣẹ́ ìtọ́jú odò Po ni mo sì ń ṣe. Òjò ọjọ́ yẹn nìkan kò mú odò Po kún, èmi náà kò sì gba ayé là. Ẹnìkan ti gbà á là lórí àgbélébùú kí wọ́n tó bí mi. Àmọ́ ká ní ilẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni màmá mi ì bá gbọ́, ẹ̀rù ọlọ́pàá ì bá sì ṣì máa bà wọ́n. Mo dúpẹ́ pé ọjọ́ tó wu Olúwa ló dá wa lóhùn, kì í ṣe ọjọ́ tó rọ̀ mí lọ́rùn.